Bí A Ṣe Ń Jí Tírélà Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀ Dìde

Ọ̀nà Mọ́níyà n'Íbàdàn ni tírélà náà wà, lẹ́yìn ilé bàbá kan tó fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun kó tó fẹ̀yìn tì. Mack R ni, oríṣi tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní nǹkan bí ọdún 1966. Ọdún méje gbáko ló ti jókòó. Ewé máńgòrò ti jẹrà sórí rẹ̀, koríko ti gba inú ríìmù yọ, adìẹ sì ń yé sábẹ́ ìjókòó dírẹ́bà. Nígbà tí àwọn ọmọ bàbá ní àwọn fẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́, bátìrì tuntun méjì ni wọ́n kọ́kọ́ rà, wọ́n wá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá wa sítáàtì ẹ̀." Mo ní kí wọ́n gbé bátìrì wọn wọlé ná.

Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kò ṣòro jí. Ó yá jí ju bí ẹ ṣe rò lọ, ewu rẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Ó lè jí kó má gbọ́ mọ́ tí ẹ bá ní kó kú, ọkọ̀ sì lè gbéra kó má rí ohun tó máa dá a dúró. Nítorí náà, ohun tó ń dá a dúró ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó kan èyí tó ń gbé e rìn. Mack yìí ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n DAF, MAN àti Mercedes àtijọ́ kò jìnnà sí i.

Ẹ yí i ká kí ẹ tó náwó

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ọkọ̀ jáde. Nọ́ńbà ṣáàsí tí wọ́n tẹ̀ sára irin gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Bí kò bá bá a mu, ẹjọ́ lẹ fẹ́ fowó yín tún ṣe, kì í ṣe ọkọ̀.

Ẹ fi ìtì igi tó nípọn há táyà níwájú àti lẹ́yìn, torí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá bíréèkì kankan mú un. Ẹ fi igi gígùn gún abẹ́ ọkọ̀ àti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó nawọ́ síbẹ̀. Agbọ́n fẹ́ràn páìpù èéfín, eku fẹ́ràn ilé fíltà afẹ́fẹ́, ejò sì máa ń tẹ̀ lé eku.

Ẹ wá ka owó. Bí orí tírélà bá ní difurensíà méjì, táyà mẹ́wàá ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ kò tíì ka ti ẹ̀yìn tó ń fà. Owó táyà nìkan lè ju gbogbo ohun tí ẹ máa ná sórí ẹ́ńjìnì lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ṣáàsí níbi tí wọ́n so sípíríǹgì mọ́ àti níbi tí tọ́ọ̀ntébù, àwo irin tí a ń so ẹ̀yìn mọ́, jókòó lé. Bí irin ibẹ̀ bá ti sán, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọnú, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Aráròmí, l'Ágodi Gate, wá tú u tà.

Ajá onírin kékeré kan máa ń wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Mack. Alfred Masury, olórí ẹnjiníà wọn, ló fọwọ́ gbẹ́ àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nígbà tó wà lórí ibùsùn ọsibítù ní 1932. Bàbá onítírélà máa ń sọ pé òun kò nílò láti ra ajá fún Ògún, torí ó ti wà lórí ọkọ̀ kí òun tó rà á. Ẹ yọ ọ́ pamọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń wu ọmọ àdúgbò.

Táyà

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà fún nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ọ̀rọ̀ tí DOT bẹ̀rẹ̀. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Táyà tó ti jókòó nínú oòrùn wa fún ọdún mẹ́fà, méje, ti kú, kódà bí eyín rẹ̀ bá ṣì ga bíi tuntun. Ẹ lè fi í yí ọkọ̀ nínú àgbàlá, ṣùgbọ́n ẹ má fi gun ẹsípírẹ́ẹ̀sì.

Ẹ má kàn jẹ́ kí fọkanáísà ki hóòsì bọ èyí tó ti rọ̀ nílẹ̀. Bí ó bá yẹ kó gba 100 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), tí ẹ bá a lábẹ́ 80, ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kó tó tún gba afẹ́fẹ́. Ríìmù àtijọ́ tó ní òrùka irin tó ń di táyà mú ló burú jù. Ìpẹtà á ti jẹ ojú ibi tí òrùka náà jókòó sí, bí afẹ́fẹ́ bá kún, ó lè ta jáde bí ọta. Inú kéèjì irin la ti ń fẹ́ irú ẹ̀, hóòsì á gùn, ẹni tó ń fẹ́ ẹ á sì dúró sápá eyín táyà. Kò gbọ́dọ̀ kọjú sí òrùka.

Ọ́ìlì, omi, àti fífọwọ́ yí i

Ẹ rọra tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ìkòkò ọ́ìlì, kí ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ dà jáde. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, torí náà òun ló máa wà nísàlẹ̀. Bí ó bá tó ife kan, òjò tàbí ìrì ló gba páìpù èéfín wọlé. Bí ó bá pọ̀ jùyẹn lọ, tàbí tí ọ́ìlì funfun bí ẹ̀kọ, gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì tàbí ibòmíràn nínú ọ̀nà omi ti jò, ẹ sì ní láti tú u kí ẹ tó ronú sítátà. Ẹ da ìyókù gba orí aṣọ funfun. Irin tó ń dán bí yanrìn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀.

Ẹ pààrọ̀ fíltà ọ́ìlì, kí ẹ bu 15W-40 tuntun sí i dé ojú ìlà. Ẹ fọ rédíétọ̀ pẹ̀lú omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí tí kò fi pọ́n mọ́. Ẹ fún gbogbo hóòsì lọ́wọ́. Èyí tó bá le bí igi tàbí tó rọ̀ bí fùfú, ẹ gbé e sọ nù, owó rẹ̀ kò tó ohun tó máa bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń fò wá kàn báyìí. Ẹ tú nọ́sù gbogbo, àwọn tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú sílíńdà, kúrò, ẹ fi gíà sí ọ̀fẹ́, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá àti ọ̀pá gígùn sórí nọ́ọ̀tì kránkì níwájú, kí ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì náà odindi ẹ̀ẹ̀méjì. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, torí ìyípo méjì ni gbogbo sílíńdà fi ń parí iṣẹ́ wọn. Bí omi tàbí dísẹ́ẹ̀lì bá ti rọ̀ sínú sílíńdà, ojú ihò nọ́sù ló máa gbà tú jáde. Ká ní nọ́sù wà níbẹ̀ ni, tí sítátà sì fi agbára yí i, ọ̀pá písítìnì ló máa tẹ̀.

Tí kò bá yí ńkọ́? Ẹ má fi ọkọ̀ mìíràn fà á. Ẹ po ọ́ìlì gíà pupa àti dísẹ́ẹ̀lì, ẹ rọ díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ti Mọ́níyà yẹn gba ọjọ́ márùn-ún. A ń tì í síwájú díẹ̀, a ń fà á padà díẹ̀, bí ẹni ń fa èèkàn nínú ilẹ̀ gbígbẹ, títí ó fi ké "kírí", tó sì rọ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tú páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò (èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì), ẹ rọ ọ́ìlì mímọ́ sí i, kí ẹ fìka yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí láìkan ògiri. Ẹ yọ ìtẹ́ eku nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí ẹ sì fi fíltà tuntun sí i.

Dísẹ́ẹ̀lì tó ti kú

Ẹ má ro pé ẹ lè fi tuntun lé ògbólógbòó. Omi máa ń kóra jọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, kòkòrò tí ojú kò lè rí á wá máa gbé láàárín omi àti dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀rá dúdú tó ń yọ̀. Ẹ tú táǹkì sílẹ̀ kúrò lára ọkọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù tó ń fà á. Fíltà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Kí ẹ sì ra méjì mìíràn sílẹ̀.

Pọ́ńpù: ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé tírélà kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ wá sí yáàdì wa. Ọ̀gá ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì náà jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú gbogbo wa dùn. Ó wá ń ké sókè. Mo pa kọ́kọ́rọ́, kò gbọ́. Mo fa okùn ìpaná, èyí tí a fi ń pa ẹ́ńjìnì, ó wá sí mi lọ́wọ́ láìṣe nǹkan kan. Ariwo yẹn ń lọ sókè bí ẹni tó ń pariwo tí kò fẹ́ mí, èéfín bo yáàdì, gbogbo èèyàn sì ti sá. Ẹ̀gbọ́n kan tó ju mi lọ lẹ́nu iṣẹ́ já àga pákó gba lábẹ́ oníbàárà ìyá olóúnjẹ, ó fi dí ẹnu páìpù afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnì fa pákó náà mọ́ra, ó gbọ̀n, ó kú. Títí mo fi gba fírídọ́ọ̀mù, àmì róbótó wà lára àga yẹn.

Ohun tó fà á rèé. Inú pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ọ̀pá eléyín kan wà tó ń sún síwá sẹ́yìn láti wọn dísẹ́ẹ̀lì fún nọ́sù. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú, sípíríǹgì inú gọ́fánọ̀ (èyí tó ń díwọ̀n eré ẹ́ńjìnì) máa ń ti ọ̀pá náà lọ sí ibi tó ti ń bu dísẹ́ẹ̀lì jù, kí ó lè rọrùn láti jí nígbà mìíràn. Ọkọ̀ wá jókòó ọdún méje, dísẹ́ẹ̀lì inú pọ́ńpù gbẹ, ó di gọ́ọ̀mù, ó sì lẹ ọ̀pá mọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jí, ibi ìwọ̀n tó pọ̀ jù ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tó máa fà á padà. Kọ́kọ́rọ́ kò lè ṣe é ní nǹkan, torí dísẹ́ẹ̀lì irú èyí kì í fi iná mànàmáná jó.

Nítorí náà, ẹ má fi okùn ìpaná nìkan dán an wò. Okùn lè rìn kí ọ̀pá inú rẹ̀ má rìn. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà ní ìparí pọ́ńpù, níbi tí ẹ ti lè rí orí ọ̀pá náà. Kí ẹnì kan fa lẹ́fà ìpaná, kí ẹ máa wo orí ọ̀pá. Ó gbọ́dọ̀ sún wọlé, kó sì ta padà fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi lẹ́fà sílẹ̀. Bí ó bá ń lọ́ra, ẹ fi dísẹ́ẹ̀lì mímọ́ tí ẹ po ọ́ìlì fẹ́lẹ́ mọ́ kún un, kó sùn síbẹ̀, kí ẹ sì dán an wò lọ́jọ́ kejì. Tí kò bá rọ̀, ẹ má fi páláyà fà á. Ẹ tú pọ́ńpù, kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe kalibréṣọ̀n, ìyẹn àwọn tó ń tún ìwọ̀n pọ́ńpù ṣe, pẹ̀lú nọ́sù gbogbo. Mo mọ̀ pé owó wọn máa ń dunni. Ẹ́ńjìnì tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ dunni jù ú lọ.

Bí pọ́ńpù bá tilẹ̀ dára, ẹ pèsè pákó tó nípọn, tó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ, kí ẹnì kan dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń jí i lákọ̀ọ́kọ́. Pákó ni mo wí. Aṣọ máa wọ inú tọ́bò lọ, ọwọ́ èèyàn náà kò sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Iná

Ẹ ka ohun tó wà lára sítátà: Mack púpọ̀ jẹ́ fólítì 12, DAF àti MAN jẹ́ 24, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Kí ríwáyà tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí eku máa ń jẹ rọ́bà wọn níbi tí ojú kò dé. Ẹ ha ibi tí wáyà ilẹ̀ ti kan ṣáàsí títí irin á fi dán. Ìgbà yìí ni kí wọ́n tó gbé bátìrì jáde nílé, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ tí a fi ń pa iná sítòsí.

Ọjọ́ tó máa jí

Ẹ dá nọ́sù padà. Ẹ lo pọ́ńpù ọwọ́ láti lé afẹ́fẹ́ jáde lójú fíltà títí dísẹ́ẹ̀lì á fi jáde láìsí ìfófòó. Ẹ wá fa ìpaná, kí ẹ so ó mọ́bẹ̀, kí ẹ fi sítátà yí ẹ́ńjìnì fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún yí i, títí ojú gééjì ọ́ìlì á fi gbéra. Dísẹ́ẹ̀lì kò tíì wọlé. Ọ́ìlì la fẹ́ kó kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ.

Ìgbà náà ni kí ẹ tú ìpaná sílẹ̀. Ẹ má fọ́n étà, oògùn inú agolo tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnì kíákíá, sí i lẹ́nu. Ewu ńlá ni nǹkan yẹn fún ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́ nílẹ̀. Bí nọ́sù kò bá ń tú dísẹ́ẹ̀lì, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì wọn díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí afẹ́fẹ́ á fi tán. Bí ó bá jí, gééjì ọ́ìlì nìkan ni kí ojú yín wà. Bí kò bá gbéra láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, ẹ pa á. Ẹ má fẹsẹ̀ tẹ iná láti gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa kùn jẹ́jẹ́.

Èéfín funfun níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ó máa ń lọ bí ó bá ti gbóná. Bí kò bá lọ, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù, ẹ padà sórí gáskẹ́ẹ̀tì. Búlúù jẹ́ ọ́ìlì tó ń jó, bóyá ríǹgì písítìnì tó lẹ̀, a sì máa tú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Dúdú túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ kò tó tàbí nọ́sù ń dà dípò kó fọ́n.

Afẹ́fẹ́ àti bíréèkì

Ọkọ̀ ti jí, gbogbo èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́, dírẹ́bà kan sì ti fẹ́ gun orí rẹ̀. Ẹ ní kó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tú omi inú àgbá afẹ́fẹ́ jáde nísàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti Mọ́níyà tú ohun tó dà bí àṣẹ́kù àdín jáde. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpẹ́sọ̀ kún un. Aago ìkìlọ̀ máa ń dákẹ́ ní nǹkan bí 60 psi, gọ́fánọ̀ afẹ́fẹ́ á sì já a ní nǹkan bí 120, ẹ máa gbọ́ "fíìì". Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ tú bíréèkì ìdúró, kí ẹ wo gééjì fún ìṣẹ́jú kan. Orí tírélà nìkan kò gbọ́dọ̀ pàdánù ju 2 psi; bí ó bá fa ẹ̀yìn, kò gbọ́dọ̀ ju 3. Ẹ wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ẹ tún kà á: 3 fún orí nìkan, 4 pẹ̀lú ẹ̀yìn. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi kùn ojú ìsopọ̀ gbogbo, kí ẹ wá ibi tó ń hó.

Ìkòkò bíréèkì ẹ̀yìn ní apá méjì, apá kejì ni sípíríǹgì ńlá tó ń di ọkọ̀ mú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán wà, wọ́n fún un pọ̀ mọ́bẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú òrùka tó di apá yẹn pọ̀. Ó ti pa mẹkáníìkì. Bí ẹ bá fẹ́ tú bíréèkì láìsí afẹ́fẹ́, bóòtù gígùn kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà: ẹ tì í bọ ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yí i láti dè é, kí ẹ sì fi sípánà fa sípíríǹgì náà padà. Bí ìkòkò bá bàjẹ́, odindi ni kí ẹ pààrọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí láínínì, èyí tó ń fara gbo dúrọ́ọ̀mù kí ọkọ̀ lè dúró, ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù yíká. Ẹ má fi ọkọ̀ mìíràn fà á já, torí láínínì ló máa já sílẹ̀ nínú. Bí ó ti wù kó rí, ẹ tú dúrọ́ọ̀mù gbogbo. Ìpẹtà máa ń wú láàárín bàtà bíréèkì àti láínínì títí á fi gbé e sókè, ẹ kò sì ní rí i láti ìta. Èyí tí ọ́ìlì họ́ọ̀bù bá ti rin, kò ṣeé fọ̀. Ẹ fi gírísì sí gbogbo ibi tó ní ojú gírísì, ẹ tún bíréèkì ṣe, kí ẹ wá wọ̀n bí ọ̀pá ìkòkò ṣe jáde tó nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́: fún ìkòkò tí wọ́n kọ 30 sí, kò gbọ́dọ̀ kọjá ínṣì méjì.

Kílọ́ọ̀ṣì náà lè ti lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ pa á, ẹ fi gíà kékeré sí i, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi sítátà sún un ní àgbàlá tó fẹ̀. Èyí kò ṣeé dán wò kí bíréèkì tó mú.

Ìrìn àkọ́kọ́

Nínú àgbàlá lákọ̀ọ́kọ́, láìfa nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, bíi kìlómítà márùn-ún, kí ẹ dúró, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bíréèkì rẹ̀ kò tú tàbí béárìn rẹ̀ ti fẹ́ lọ. Kí ẹ tó so ẹ̀yìn mọ́ ọn, ẹ fọ ẹnu tọ́ọ̀ntébù, ẹ fi gírísì sí i, ẹ so ó, ẹ rọra fà á síwájú nígbà tí bíréèkì ẹ̀yìn ṣì mú, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ fojú yín rí i pé tọ́ọ̀ntébù ti há ọrùn irin tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn mọ́ra.

Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 100, ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà gbogbo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nù, bí ó tilẹ̀ ṣì mọ́ lójú, torí ìpẹtà ọdún méje ló fọ̀. Fíltà dísẹ́ẹ̀lì méjì tí mo ní kí ẹ rà sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sábẹ́ ìjókòó dírẹ́bà pẹ̀lú sípánà wọn. Bí ẹ ti wù kí ẹ fọ táǹkì tó, ìdọ̀tí tó wà nínú páìpù ṣì máa tú. Ti Mọ́níyà pààrọ̀ àkọ́kọ́ ní Ògèrè, ó pààrọ̀ èkejì kó tó dé Ìbàfò.